Ọjọ́ Orí Ni, Àbí Nǹkan Mìíràn? Àlàyé Lórí Àwọn Àmì Kéékèèké Tí Ọ̀dọ́ Ń Rí Lára

Onígbàjámọ̀ mi lẹ́bàá òpópónà Oyèmẹ́kùn ní Àkúrẹ́ ni ó kọ́kọ́ fi ewú hàn mí. Ó gbé dígí kékeré sí ẹ̀gbẹ́ etí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan níbí." Nígbà tí mo wò ó, irun funfun mẹ́ta ni mo rí láàárín dúdú, wọ́n dúró gbagidi bí ẹni pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ni mí nígbà náà. Kí oṣù yẹn tó parí, ọmọbìnrin kan tí ń ta omi inú ọ̀rá ní Ọjà Ọba ti pè mí ní "Dádì", orúnkún mi sì ti dún kọ̀ọ́ nígbà tí mo dìde lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì, débi pé ẹni tó wà níwájú mi yíjú padà. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì gbà fún ara mi pé ogbó ti wọlé.

Èrò náà kò tọ́, ìdí tí kò sì fi tọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi, láti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó. Ohun tí ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé orúkọ kan ṣoṣo, "àgbà ti ń dé", ni a fi ń pe nǹkan mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan. Àkọ́kọ́ ni ìyípadà tí ọjọ́ orí gan-an ń mú wá, èyí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí ojú wa tó rí i. Èkejì ni ohun tí ìjókòó, àìsùn, ariwo àti oúnjẹ wa fà, tí a wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọjọ́ orí. Ẹ̀kẹta ni àìsàn tí ó fi aṣọ ọjọ́ orí bora. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò máa kó ìpayà lórí irun funfun mẹ́ta, yóò sì máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí ó yẹ kí ó gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ewú, nítorí òun ni ó máa ń dẹ́rù bani jù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamu làfojúdi. Gbólóhùn yìí dùn, ó sì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọkùnrin onírun ètè wí, ṣùgbọ́n a kò lè fi mọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣe mẹ́lánìn, ìyẹn aró tí ń mú irun dúdú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ní àká kan tí a ti ń fi tuntun rọ́pò èyí tó bá lọ. Bí àká náà bá gbẹ, irun kò ní ṣàì hù, ṣùgbọ́n yóò máa hù jáde láìní aró. Ìgbà tí àká ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbẹ wà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣègùn awọ ara sábà máa ń lò ni pé ewú tó bá yọ ṣáájú ọdún 20 lára òyìnbó, ṣáájú ọdún 25 lára àwọn ará Éṣíà, tàbí ṣáájú ọdún 30 lára àwa ènìyàn dúdú ni a lè sọ pé ó yá jù. Èyí fi hàn pé díẹ̀ báyìí ni tèmi fi yá. Nígbà tí mo sì padà wo fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi, mo rí i pé bàbá mi ti ní tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí kan náà, ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó bí mi.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí wọ́n lè mú ewú yá: sìgá mímu, àìtó fítámì B12 nínú ara, àti ìdàrúdàpọ̀ nínú iṣẹ́ tírọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré kan ní ọ̀fun tí ń sun omi tí ara fi ń darí iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ewú bá ya bo ọ̀dọ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí àárẹ̀ tàbí òòyì sì tẹ̀lé e, ó dára kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní ti ìgbàgbọ́ pé bí a bá fa ewú kan tu, méjì yóò hù dípò rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò kan, irun kan ni. Ohun tí fífà rẹ̀ lè ṣe ni pé ó lè ba ihò náà jẹ́, kí irun má tilẹ̀ hù níbẹ̀ mọ́, ewú sì sàn ju àlàfo lọ lójú tèmi.

Iwájú orí tí ń sá sẹ́yìn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ irun, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Lára ọkùnrin, ìdílé ni, pẹ̀lú iṣẹ́ tí họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀ tí ń darí ara, ń ṣe lórí ìdí irun, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 20. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin wa, kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í sì í ṣe ìdílé. Irun dídì tí wọ́n fà le koko ni, èyí tí ẹni tí wọ́n dì í fún kò fi lè sùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí a bá tètè dẹ̀ ẹ́, irun náà máa ń padà. Bí a bá ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú ibẹ̀ yóò pá.

Ó kan orúnkún tó dún kọ̀ọ́. Inú oríkèé kọ̀ọ̀kan ni omi kan wà tó ń mú kí egungun yọ̀ lórí ara wọn bí òróró ṣe ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ wà nínú omi yìí. Bí oríkèé bá ṣí lójijì, afẹ́fẹ́ náà yóò kóra jọ, ariwo yóò sì jáde. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, iṣan ló kàn ń fò kọjá lórí egungun. Bí kò bá sí ìrora, tí orúnkún kò wú, tí kò sì há, ariwo lásán ni, ọmọdé sì ń gbọ́ tirẹ̀, àfi pé kò ráyè fetí sí i. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Donald Unger, fi nǹkan bí 60 ọdún ta ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì fi ti ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìkìlọ̀ tí ìyá rẹ̀ ṣe fún un pé ìka títa ń fa àrùn oríkèé. Nígbà tí ó parí, kò sí àrùn nínú ọwọ́ kankan. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ig Nobel, èyí tí wọ́n fi ń dá àwọn onímọ̀ lára yá, ní ọdún 2009. Mo rò pé sùúrù bàbá náà nìkan tó gba ẹ̀bùn.

Òkè Ìdànrè ni ó là mí lóye jù lórí ọ̀rọ̀ okun. Nígbà tí a wà ní yunifásítì, a máa ń wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ lọ gun àtẹ̀gùn òkè náà, tí ó lé ní 600, a ó sì máa sáré fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 31 mi, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì tún lọ. Gbogbo ibùdó ìsinmi tó wà lójú ọ̀nà ni a jókòó sí. Ní ìkẹta nínú wọn, ìyá kan tí yóò jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi, tí ó ru omi àti bisikíìtì tí yóò tà lókè, kọjá lára wa, ó kí wa pé ẹ kú ìsinmi, kò sì dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí ni ó dá wa jókòó, kí ni ó ń gbé ìyá yẹn lọ?

Ìṣirò kan wà tí àwọn dókítà àti olùkọ́ eré ìdárayá ń lò láti fojú bu iye ìgbà tí ọkàn lè lù ní ìṣẹ́jú kan bí ènìyàn bá ń sa gbogbo agbára rẹ̀: wọn yóò yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 220. Ẹni ọdún 20 yóò ní 200, ẹni ọdún 30 yóò ní 190. Ìyàtọ̀ 10 péré ni ọdún mẹ́wàá mú wá, kò sì lè jẹ́ òun ni ó ń mú ènìyàn mí hẹlẹ hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn. Bákan náà ni iṣan ara. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn ọdún 30, ènìyàn lè máa pàdánù láti ìdá 3 sí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún iṣan rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi iṣan ṣiṣẹ́ kì í pàdánù tó ẹni tó ń fi í jókòó. Àwa tí a ń ti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí ọ̀kadà, tí a ń ti orí ọ̀kadà bọ́ sórí àga ọ́fíìsì ní Alágbàká, tí a wá lọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí itan sì ń dun wá títí di ọjọ́ Wẹ́sídeè, àìlò ni ó ń bá wa jà. Èyí ni ó dára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tí àìlò mú lọ, ìlò lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún àgbàlagbà ni ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún ìrìn kíákíá tàbí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ méjì tí a ó fi ṣe ohun tí ń fún iṣan lágbára. Egungun tún wà ńbẹ̀: títí di nǹkan bí ọdún 30 ni ó ń kó ẹrù sínú àká rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ná an díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá rìn, tó fò, tó gbé nǹkan wúwo nígbà èwe ni yóò ní púpọ̀ láti ná.

Ikùn tí ń yọ ńkọ́? Ohun tí gbogbo wa ń sọ ni pé bí ènìyàn bá ti lé ní 25, ara kì í jó oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, tí wọ́n ṣe lára àwọn ènìyàn tí ó lé ní 6,400 ní orílẹ̀-èdè 29, láti orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ títí dé orí ẹni ọdún 95. Wọ́n rí i pé bí a bá ti ro ti bí ara ṣe tóbi tó mọ́ ọn, iye agbára tí ara ń jó lójúmọ́ dúró sójú kan láti ọdún 20 títí di 60. Ẹ tún un kà: títí di 60. Ohun tó yí padà kì í ṣe iná tí ara ń dá, ọ̀nà tí a ń gbà gbé ayé ni. Nígbà tí a wà ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn láti ẹnu géètì dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nítorí owó ọkọ̀, ìgbà míì oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ni a ń jẹ lójúmọ́. Nísinsìnyí owó ti dé díẹ̀, ẹsẹ̀ ti sinmi, òkèlè iyán kò sì kéré sí i. Èmi kì í ṣe ọ̀tá iyán, ọmọ Àkúrẹ́ wo ni yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo kàn ń sọ pé kí a má purọ́ mọ́ ọjọ́ ìbí.

Oorun jẹ́ ibi tí ọjọ́ orí ti ní ọwọ́ lóòótọ́. Aago inú ara, tí ń sọ ìgbà tí ó yẹ kí a sùn àti ìgbà tí ó yẹ kí a jí, máa ń sún síwájú nígbà ọ̀dọ́langba, débi pé ní nǹkan bí ọdún 20 ni ènìyàn máa ń fẹ́ pẹ́ sùn jù láyé rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Oorun àsùnwọra pẹ̀lú ń dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nítorí náà, bí ẹni tí ó ti máa ń ṣe àìsùn ìsìnkú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí yóò sì tún lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, bá rí i pé ọjọ́ méjì ni òun fi ń gba ara padà ní ọdún 30, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó bá sì ń hanrun kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ ń dá lójú oorun, tí ó sì ń tòògbé ní ọ̀sán, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kúrò ní ti ọjọ́ orí, dókítà ni yóò dá a lóhùn.

Etí náà tètè bẹ̀rẹ̀, àmọ́ a kì í mọ̀. Ọmọdé lè gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín gan-an tí àgbà kò lè gbọ́. Ní ilẹ̀ Wales, ní ọdún 2005, ọkùnrin kan ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n sọ ní Mosquito, ìyẹn ẹ̀fọn, tí ń han sí àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ó lè lé wọn lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti kọjá ọdún 25 ni kì í gbọ́ ọn rárá. Pípàdánù irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tí ń dí ni lọ́wọ́ ni èyí tí a fi ọwọ́ ara wa fà, níwájú gbohùngbohùn òde àríyá àti nínú ẹ̀rọ tí a ń kì bọ etí. Bí ariwo bá tó ìwọ̀n 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni òpin tí etí lè fara dà, bẹ́ẹ̀ ni gbohùngbohùn òde àríyá ń kọjá ìwọ̀n náà fíìfíì. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí a ti padà sílé, ọgbẹ́ ni ó ń sọ.

Ti ojú kò gùn. Lẹ́ńsì ojú ń le sí i láti kékeré, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 40 sókè ni líle rẹ̀ máa ń mú kí ènìyàn na ìwé jìnnà kí ó tó lè kà á. Ẹni ọdún 28 tí kò rí lẹ́tà orí fóònù dáadáa kò tíì dé ibẹ̀, ìwọ̀n ojú rẹ̀ ni kí ó lọ yẹ̀ wò. Kí ó sì jẹ́ kí wọ́n wo ti gílókómà, àìsàn tí ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀, mọ́ ọn, nítorí ó wọ́pọ̀ láàárín ènìyàn dúdú, ó máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wa, kì í sì í dunni títí yóò fi jẹ lára ojú.

Awọ ara dúdú ní mẹ́lánìn púpọ̀ tí ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn, ìdí nìyẹn tí ìhunjọ fi máa ń pẹ́ kí ó tó hàn lójú wa. Ẹni tí ó ń fi ìpara bóra ń fi owó ara rẹ̀ ra ogbó ni. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ku ti "Dádì" tí ọmọ olómi pè mí. Kò sí ohunkóhun nínú ara tí orúkọ yẹn ń wọ̀n. Ní ọjà wa, a máa ń gbé oníbàárà ga kí ó lè rà á: ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì lọ́kọ yóò gbọ́ "Mọ́mì", ọ̀dọ́kùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì yóò gbọ́ "Ọ̀gá" tàbí "Dádì". Aṣọ, bàtà àti ọ̀nà tí a ń gbà rìn ni ọlọ́jà ń wò. Ìwé ìjọba náà ní ìṣirò tirẹ̀ tí kò bá ti ara mu. Ẹni tó bá gba oyè yunifásítì lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọdún 30, ètò àgùnbánirọ̀ kò pè é mọ́, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọn yóò fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ ń sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹni tó bá ju ọdún 26 lọ. Síbẹ̀, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2018 gbà pé ẹni ọdún 25 lè wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹni ọdún 35 sì lè du ipò Ààrẹ. Ẹnì kan náà ti dàgbà jù fún iṣẹ́ akọ̀wé, ó sì kéré jù fún Ààrẹ. Àwọn tí ìyanṣẹ́lódì olùkọ́ yunifásítì ká mọ́lé fún oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022 mọ ohun tí mò ń wí: ọjọ́ orí wọn lọ síwájú, kíláàsì wọn kò kúrò lójú kan. Ìnira yẹn máa ń jọ ogbó lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú kàlẹ́ńdà ni ó wà.

Wàyí o, àwọn àmì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi "àgbà ti ń dé" bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ léraléra, tí ó sì ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru, kí ó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí àtọ̀gbẹ kì í dúró de arúgbó. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì bí ó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ sì funfun, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó. Oríkèé ìka tó wú, tí ó sì ń le gan-an láàárọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yàtọ̀ sí orúnkún tó dún kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni rírù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀, àti ẹ̀yìn dídùn tí ó ń jí ènìyàn lóru.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó burú jù nínú wọn, nítorí òun kì í ní àmì rárá lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra, ó ti di ohun ìtọ́jú, ì báà jẹ́ lára ẹni ọdún 27. Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbówó lórí, àwọn kẹ́mísìtì kan tilẹ̀ ń wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ọ̀nà wà tí a fi ń ṣe é: kí a jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá wà ní ìbámu pẹ̀lú àyà, kí a má sì sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí èmi kọ́kọ́ lọ, inú oòrùn ni mo ti rìn wọlé, mo sì ń jà lórí fóònù nígbà tí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ so nǹkan náà mọ́ mi lápá. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ pa fóònù yẹn ná, ẹ jókòó." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún un wọ̀n, ó ti di 122 lórí 78.